Má tíì ta laptop yẹn: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi tábúlẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀

Ìbéèrè:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Agbowó ni mo ń gbé, mo ń kàwé oyè kejì nínú bayokẹ́mísírì. Iṣẹ́ ìwádìí mi ni pé kí n fi kọ̀ǹpútà wo bí àwọn èròjà inú ewúro ṣe lè so mọ́ enzyme LDH ti kòkòrò ibà. Ìkànnì tí mo ń kọ fún àwọn aránṣọ àti ilé ìwé aládàáni ni mo fi ń jẹun. Laptop mi ti pé ọdún mẹ́fà, bátìrì rẹ̀ ti kú, àfi kó wà lójú iná, egungun tó di ojú rẹ̀ mú náà ti ṣẹ́. Mo fẹ́ tà á, kí n fowó kún un, kí n ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí màá lè máa gbé kiri. Ṣé ó máa gba iṣẹ́ méjèèjì?"

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ìkànnì, tábúlẹ́ẹ̀tì á gbà á, tó o bá mọ bó o ṣe máa tò ó. Iṣẹ́ mólékù, apá kan rẹ̀ ni á gbà, apá kejì ló sì mú kí n ní kó o má tíì ta laptop. Ìyá tó fẹ́ se ọbẹ̀ òde kì í gbé ẹ̀rọ ìlọta wá sílé. Abọ́ ata ló ń gbé lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, á gba èyí tó kúnná padà, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ se ọbẹ̀. Laptop tó ti sú ọ yẹn ló máa di ẹ̀rọ ìlọta rẹ.

Jẹ́ n ti ibi ìkànnì bẹ̀rẹ̀, nítorí òun lo fi ń jẹun. Android ni kó o rà. iPad dára, ojú rẹ̀ mọ́, ó sì ń pẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Apple kì í jẹ́ kí áàpù ẹlòmíràn máa sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí iSH, tó ń gbé Linux sórí iPad, fi ń rìn bí ìgbín. Tó bá jẹ́ pé orí sáfà ibòmíràn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ wà, iPad ò burú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí dátà bá tán mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú micra láàárín Ṣàngó sí Mọ́kọ́lá, wàá fẹ́ kí Node, ètò tó ń mú kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí Chrome, máa ṣiṣẹ́ nínú ohun tó wà lórí itan rẹ gan-an.

Termux, áàpù tó ń jẹ́ kó o tẹ àṣẹ Linux, ló ń ṣe é lórí Android. Orí F-Droid, ilé áàpù ọ̀fẹ́, ni kó o ti gbà á. Èyí tó wà lórí Play Store pẹ́ gan-an láìrí àtúnṣe, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. O tẹ `pkg update`, lẹ́yìn náà `pkg install nodejs-lts git openssh`, ó parí. O kọ `npm run dev`, o ṣí Chrome, o tẹ localhost:5173 tó bá jẹ́ Vite lò ń lò, ìkànnì aránṣọ ti yọ. Dátà kankan ò lọ, torí inú ẹ̀rọ kan náà ni sáfà àti ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣubú rèé. Wọ́n á lọ fi fódà iṣẹ́ sínú Downloads tàbí /sdcard, kí wọ́n lè máa rí i nínú áàpù fáìlì. `npm install` á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo EACCES tàbí EPERM, wọ́n á ní Termux ò dáa. Ẹ̀bi Termux kọ́. Ibi ìpamọ́ tí gbogbo áàpù jọ ń lò lórí Android kì í gba symlink (fáìlì tó kàn ń tọ́ka sí òmíràn), kì í sì í jẹ́ kí fáìlì tó wà nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ètò. npm ò sì lè to node_modules/.bin láìsí méjèèjì. Inú ilé Termux fúnra rẹ̀, ìyẹn `~`, ni kó o tọ́jú iṣẹ́ sí, kó o máa fi Git gbé e jáde. Ilé yẹn náà ní ewu tirẹ̀ o: lọ́jọ́ tó o bá yọ Termux kúrò, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Ojoojúmọ́ ni kó o máa ṣe `git push`.

Ọ̀fìn kejì: láti Android 12 ni ẹ̀rọ ti ń ka àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí áàpù bá bí sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti ju 32 lọ lápapọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó o máa rí ni "Process completed (signal 9)", o ò sì ní mọ ẹni tó pa á. Ó ti jẹ́ kí n bú Node lásán fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lórí Android 14 sókè, wọ Settings, tẹ Build number lẹ́ẹ̀meje kí Developer options lè yọ, kó o wá tan "Disable child process restrictions". Tẹ `termux-wake-lock` pẹ̀lú, kí oorun má bàa gbé sáfà rẹ lọ tí ojú ẹ̀rọ bá ti kú.

Kíbọ́ọ̀dù tòótọ́ ni kó o rà mọ́ ọn, má tan ara rẹ jẹ. Lọ́jọ́ tó o bá gbàgbé rẹ̀ sílé, bọ́tìnnì tó ń dín ohùn kù máa ń ṣiṣẹ́ bíi Ctrl nínú Termux. Acode dára fún kíkọ kóòdù. Èmi, vim ló mọ́ mi lára.

DevTools, irinṣẹ́ tá a fi ń yẹ inú ìkànnì wò nínú Chrome, lo máa ṣàárò jù. Chrome orí Android kò ní in, àfi tó o bá fi okùn so tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà. Eruda ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀: ìlà script méjì nínú ojú ewé, àmì kékeré kan á yọ ní igun, o fọwọ́ kàn án, console àti network á ṣí. Yọ ọ́ kúrò kó o tó gbé ìkànnì jáde. Oníbàárà kan ti pè mí rí láago mẹ́wàá alẹ́, ó ní kí ni nǹkan tó ń léfòó nísàlẹ̀ ojú ewé òun yìí, ṣé wọn ò ti já wọlé báyìí.

Nígbà tó sì jẹ́ pé aránṣọ ni wọ́n, o máa kọ Yorùbá síbẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ni "ẹ" nínú Unicode, ṣùgbọ́n "ẹ̀" kò ní tirẹ̀. "Ẹ" ni pẹ̀lú àmì ohùn tó gùn ún lórí, wọ́n di méjì. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn á kọ ọ́ ní mẹ́ta: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. Ojú rí "ẹ̀wù" kan náà, kọ̀ǹpútà rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá wá ẹ̀wù lórí ìkànnì ò wá ní rí ẹ̀wù. Fi `normalize('NFC')` sọ méjèèjì di ọ̀kan kó o tó fi wọ́n wéra. Ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ lo ti máa kọ́kọ́ bá a pàdé, torí kíbọ́ọ̀dù méjì ni wàá máa lò.

Ó yá, mólékù.

Níbi ká wo nǹkan, tábúlẹ́ẹ̀tì ju laptop rẹ lọ. Mol*, tó wà lórí ìkànnì RCSB PDB, inú Chrome ló ti ń ṣiṣẹ́, o ò ní fi ohunkóhun sórí ẹ̀rọ. Ilé ìpamọ́ PDB yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1971 pẹ̀lú purotéènì 7 péré. Ní báyìí wọ́n ti lé ní 200,000, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Tẹ 1CET síbẹ̀. LDH ti Plasmodium falciparum ni, pẹ̀lú chloroquine tó jókòó sínú rẹ̀. Ìka kan á yí i, ìka méjì á fà á súnmọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ìka yí purotéènì, mo rí ihò kan tí mo ti ń fi mouse gbójú fò fún oṣù kan. Tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ pé ibo gan-an ni èròjà ewúro rẹ jókòó sí, kí ló dì í mú níbẹ̀, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i wò. Fáìlì ọ̀hún ò tó mẹ́gábáìtì kan.

Kó o tó fọwọ́ kan ewúro rárá, yọ chloroquine inú 1CET jáde, kó o ní kí AutoDock Vina, ètò tó ń wá bí èròjà ṣe lè jókòó sínú purotéènì, dá a padà. Tí ibi tí Vina gbé e sí bá fi ju 2 Å (Å ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn átọ́ọ̀mù) yà kúrò níbi tí kírísítà fi hàn, àpótí tó o là sílẹ̀ fún un tàbí bó o ṣe tọ́jú fáìlì ni kò tọ́, èsì ewúro tó bá tẹ̀lé e ò sì ní níláárí. Mọ èyí náà kí ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò má bàa fi mú ọ: LDH kọ́ ni chloroquine ń bá jà ní pàtàkì. Tí kòkòrò náà bá jẹ hemoglobin wa, heme tó ṣẹ́ kù májèlé ni fún un, ó máa ń sọ ọ́ di kírísítà kó má bàa pa á. Iṣẹ́ yẹn ni chloroquine ń bà jẹ́.

Ibi tí tábúlẹ́ẹ̀tì ti lè kó bá ọ ni ibi tó o bá ti fi ọwọ́ tún fáìlì ṣe. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Òpó-òpó ni ètò ń ka fáìlì PDB: x wà ní òpó 31 sí 38, y ní 39 sí 46, z ní 47 sí 54. Àlàfo kan tó bá lé tàbí tó dín, ilé onílé ni nọ́ńbà rẹ ń wọ̀ yẹn. Mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, tábúlẹ́ẹ̀tì lórí itan, kíbọ́ọ̀dù nílé. Mo fẹ́ yọ lẹ́tà A tó wà ní òpó 17 nínú ìlà mélòó kan, kí n fi àlàfo dípò rẹ̀. Mo pa A, mo tẹ àlàfo, ọkọ̀ mì, ìka mi tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ sì mọ ohun tí kíbọ́ọ̀dù ojú ẹ̀rọ máa ń fi àlàfo méjì ṣe: ó sọ ọ́ di àmì ìdánudúró àti àlàfo kan. Ibi tó ti jẹ́ CG1AVAL di CG1. VAL, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ṣún sọ́tùn-ún ní òpó kan.

Ẹ wo ohun tí òpó kan ṣe. x tó jẹ́ 32.847 di 32.84. Ẹyọ 7 tó já lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sílé y, ètò náà sì kà á pé y jẹ́ 7, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 15.206. Átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo fò ju 8 Å lọ, bẹ́ẹ̀ káábọ́nì méjì tó di ara wọn mú kì í jìnnà síra ju bíi 1.5 Å. Ètò tí mo lò kò kígbe. Ó ṣírò, ó fún mi ní nọ́ńbà tó wuyì, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta yọ̀ lórí rẹ̀.

Látìgbà náà ni mo ti pa autocorrect àti àlàfo-méjì-di-ìdánudúró lórí ẹ̀rọ mi, mi ò sì fi ọwọ́ kan PDB mọ́. `pkg install python`, ìlà kóòdù mẹ́ta mẹ́rin á yọ lẹ́tà yẹn láìṣún ẹnikẹ́ni kúrò nílé.

Wàyí o, ẹ̀rọ ìlọta. Ṣé Vina lè ṣiṣẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì? Ó lè ṣe é. Tó o bá fi proot-distro gbé Debian, irú Linux kan, sínú Termux, wàá rí Open Babel àti RDKit, àwọn ètò tó ń tọ́jú fáìlì mólékù, tó bá irú ọpọlọ ARM tó wà nínú rẹ̀ mu. Èmi máa ń fi wọ́n tọ́jú èròjà kalẹ̀ níbi tí mo bá wà, kó tó di pé mo rán an lọ síbi tí wọ́n ti máa lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní fáànù ni. Tó bá ṣiṣẹ́ takuntakun fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á gbóná, á sì dín eré kù, oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn ò sì ní bá ọ ṣàánú rẹ̀. Èròjà mẹ́ta, kò burú. Igba èròjà, má dán an wò. GROMACS, tó ń ṣírò bí átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn, ńkọ́? Ìṣísẹ̀ kan nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 2 fs (femtosecond). Tí ọ̀gá rẹ bá ní òun fẹ́ rí 100 ns (nanosecond), ìṣísẹ̀ 50,000,000 ló ń béèrè yẹn, gbogbo átọ́ọ̀mù purotéènì àti omi tó yí i ká ló sì máa ṣírò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe iṣẹ́ ohun tá à ń gbé sábẹ́ apá.

Nítorí náà, ra bátìrì tuntun fún laptop náà. Egungun tó ṣẹ́, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò ní jáde nílé mọ́, kí ló fẹ́ fi egungun ṣe? Fi Debian sí i, tan SSH tí wàá fi máa wọ inú rẹ̀ láti ibòmíràn, kó o sì fi Tailscale, tó ń so ẹ̀rọ méjì pọ̀ bíi pé ilé kan ni wọ́n wà, sórí òun àti tábúlẹ́ẹ̀tì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sábà fún ọ ní àdírẹ́sì tí ará ìta lè kàn ní tààrà. Tí ọ̀gá rẹ bá gbà, kọ̀rọ̀ kan ní lábù ni kó o gbé e sí. Tí kò bá gbà, ilé náà ni, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i, kó má ṣe jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì.

Má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀ láìsí tmux. Inú tmux, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já, tábúlẹ́ẹ̀tì lè kú, iṣẹ́ ń lọ. Mosh tún dára ju SSH lásán lọ fún ẹni tó ń rìn: o kúrò lábẹ́ Wi-Fi fásitì, o bọ́ sórí dátà, kò já.

Ti iná ńkọ́? Bátìrì tuntun á mú un fún wákàtí bíi mélòó kan, lẹ́yìn ìyẹn á kú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé nígbà tí iná bá dé, kó máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dé. Bí mo ṣe ń kọ ti Vina rèé:

for f in ewuro/*.pdbqt; do
  e=esi/$(basename "$f")
  [ -f "$e" ] && continue
  vina --config apoti.txt --ligand "$f" --out dididi.pdbqt && mv dididi.pdbqt "$e"
done

Ìlà kẹta ni ọ̀gá níbẹ̀: èyí tó bá ti ní èsì, fò ó. Mo sì ní kó kọ èsì sí dididi.pdbqt ná kó tó fún un ní orúkọ rẹ̀, torí tí iná bá lọ láàárín kíkọ, fáìlì ààbọ̀ lè wà nílẹ̀ tí á máa purọ́ pé òun ti parí. GROMACS ní tirẹ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú 15-15 tọ́jú ibi tó dé. `-cpi` lo máa fi sọ fún un pé kó tẹ̀ síwájú. Má sì wa fáìlì ìrìn átọ́ọ̀mù náà wá sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, á jẹ dátà rẹ tán. Ibi tí laptop wà ni kó o ti ya àwòrán RMSD (bí purotéènì ṣe ń yà kúrò ní ìrísí tó fi bẹ̀rẹ̀), kó o sì fi `gmx trjconv -skip 100` mú ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn tó ojú wò.

Colab náà wà, wọ́n sì máa ń fún èèyàn ní GPU lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbà á padà nígbà tó o bá kúrò nídìí rẹ̀. Mo máa ń lò ó, mi ò fi ẹ̀yìn tì í.

Fún tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, power bank 20,000 mAh ló kù. Ìṣírò wọn lórí páálí máa ń tan èèyàn. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ jẹ́ 3.7 V, ìyẹn 74 Wh. Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 8,000 mAh jẹ́ bíi 31 Wh. Tó o bá yọ ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, wàá cháàjì rẹ̀ kún lẹ́ẹ̀kan, wàá sì tún rí bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òpò ọjọ́ kan gbáko nìyẹn láìwá jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni.

Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ n'Ìbàdàn, lo máa lọ, mo mọ̀. RAM 8 GB ni kó kéré jù, ojú tó tó ínǹṣì 11 tàbí tó súnmọ́ ọn, Android 14 ó kéré tán. Samsung tó bá ní DeX á jẹ́ kó o lè to fèrèsé bíi ti kọ̀ǹpútà, èyí tó wúlò nígbà tó o bá fẹ́ kí kóòdù àti Chrome wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kó o tó ka owó, tan hotspot fóònù rẹ, ṣí 4HHB nínú Mol*, hemoglobin wa ni, ní kó fi ojú ìta rẹ̀ hàn, kó o wá fi ìka yí i ká. Tó bá ń ta kọ́sẹ́kọ́sẹ́, kì í ṣe ìwọ ló ń dúró dè. Wọ Developer options lọ wò bóyá ohun tí mo ní kó o tàn yẹn wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á á máa wò ọ́ bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Jẹ́ kó máa wò. Tó bá sì ní àfi kó o sanwó kí òun tó jẹ́ kó o tàn án, ṣọ́ọ̀bù tó kàn ò jìnnà.